Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Kíkó Ojúlówó Àwòrán Bàbà Àwọn Ọ̀gá Ilẹ̀ Faransé Jọ

Ìbéèrè kan náà ni mo ń dáhùn lọ́dọọdún, nítorí náà mo kó wọn jọ sójú kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹni tó ti ń rà tẹ́lẹ̀ lè fò lọ sí ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le.

Kí ni wọ́n ń pè ní etching gan-an?

Àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sórí pépà láti ara pẹlẹbẹ bàbà ni. Oníṣẹ́ á fi ìda tàbí oje igi bo ojú bàbà, á fi abẹ́rẹ́ fa ilà gba inú rẹ̀ títí bàbà á fi hàn, á wá da ásíìdì sí i. Ibi tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá nìkan ni ásíìdì á jẹ. Á nu ìda kúrò, á fi íǹkì kún àwọn kòtò tín-ín-rín yẹn, á nu ojú bàbà mọ́, á gbé pépà tí wọ́n ti fi omi rẹ̀ lé e, á sì yí i kọjá láàárín rọ́là ńlá méjì. Àwọn Faransé ń pè é ní eau-forte, ìyẹn omi líle, nítorí ásíìdì náà.

Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi irin mímú gbẹ́ bàbà ní tààrà, bí àwọn oníṣẹ́ igbá Ọ̀yọ́ ṣe ń fín igbá. Ilà tí irin gbẹ́ máa ń tín-ín-rín lọ sí ṣóńṣó ní ìparí. Ti ásíìdì máa ń parí ní ṣíṣù, ara rẹ̀ kì í sì í dán tó bẹ́ẹ̀. Robert Nanteuil àti Claude Mellan, ọ̀gá agbẹ́bàbà ni wọ́n, ọ̀rọ̀ tiwọn kọ́ la ń sọ níbí. Síbẹ̀, bí ẹ bá rí ojú Jésù tí Mellan ṣe ní 1649, ẹ dúró wò ó: ilà kan ṣoṣo ló fi yí gbogbo rẹ̀ po, láti orí imú títí dé etí pépà.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Òṣogbo ti gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí rí. Ní àwọn ọdún 1960, Ru van Rossem, ará Nẹ́dálándì, wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà níbẹ̀ bí a ṣe ń fi ásíìdì ṣiṣẹ́ lórí bàbà.

Àwọn wo ni "ọ̀gá Faransé" tí ẹ ń wí?

Nǹkan bí 1540 sí 1700 ni mo ń sọ. Àwọn tó ṣiṣẹ́ ní ààfin Fontainebleau ló ṣáájú, Léon Davent, Jean Mignon àti Antonio Fantuzzi tó wá láti Ítálì. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọmọ Lorraine: Jacques Bellange tó kú ní 1616, Jacques Callot (1592 sí 1635), àti Claude Gellée tí gbogbo ayé mọ̀ sí Claude Lorrain. Abraham Bosse, Israël Silvestre àti Sébastien Leclerc ló kún Paris lẹ́yìn náà.

Ẹnìkan á sáà máa bá yín jiyàn pé Callot kì í ṣe ará Faransé. Kò purọ́. Lorraine ní ọba tirẹ̀ nígbà náà, ọdún 1766 ni wọ́n tó so ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Faransé. Claude náà, Róòmù ló fi ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ilé. Stefano della Bella tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Florence tó gbé Paris láti 1639 sí 1650. Ṣùgbọ́n nínú àpótí àwọn oníṣòwò, ibì kan náà ni ẹ ó ti bá gbogbo wọn.

Bí ẹ̀dà bá pọ̀ rẹpẹtẹ, kí ló wá sọ ọ́ di ojúlówó?

Ojúlówó ni ẹ̀dà tó bá jáde láti ara bàbà tí oníṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ fọwọ́ ṣe. Kò sí "ìyá" kan tí àwọn yòókù jẹ́ àwòkọ rẹ̀. Gbogbo wọn ló jẹ́ ọmọ bàbà kan.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà kò rí bákan náà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá nu bàbà tí wọ́n sì yí i kọjá nínú ẹ̀rọ, ó ń jẹ lára rẹ̀. Ilà tí kò jìn ló kọ́kọ́ ń kú: òkè tó wà lọ́nà jíjìn, ìkuukùu, ojú àwọn ènìyàn kéékèèké. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ àti ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ojúlówó ni àwọn méjèèjì, ọ̀kan lè tó ìlọ́po ogún èkejì lówó. Ẹ má ra orúkọ. Pépà tó wà níwájú yín ni kí ẹ rà.

Kí ló dé tí kò sí nọ́ńbà 5/50 àti ìfọwọ́sí pẹ́ńsùlù lábẹ́ rẹ̀?

Nítorí kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Àṣà ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni. Bí ẹ bá rí Callot tó ní nọ́ńbà pẹ́ńsùlù bíi 12/100, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Kí ni fecit, inv. àti excudit tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀?

Látìn ni. Fecit, tàbí f. lásán, ni ẹni tó ṣe bàbà náà. Inv. ni ẹni tó ronú àwòrán jáde. Excudit, tàbí ex., ni ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tó sì ń tà á. Lórí púpọ̀ nínú iṣẹ́ Callot ẹ ó rí "Israel ex.", àwọn kan á sì rò pé Israel ló yà á. Israël Henriet nìyẹn, ọ̀rẹ́ Callot tó ń tajà ní Paris. Cum Privil. Reg. ni àṣẹ ọba pé kí ẹlòmíràn má ṣe tẹ̀ ẹ́. Àwọn èèyàn ṣì ń tẹ̀ ẹ́ náà.

Ṣé olówó nìkan ló lè kó irú nǹkan yìí jọ?

Rárá o. Callot nìkan ṣe nǹkan bí 1,400 àwòrán, Bosse náà sún mọ́ 1,600. Ewé kékeré kan láti ọwọ́ Callot tí wọ́n tẹ̀ pẹ́, tàbí ojú ìlú kan láti ọwọ́ Silvestre, kì í ju owó fóònù olówó pọ́ọ́kú lọ. Ẹ̀dà dáadáa ti *Le Bouvier*, adaran tí Claude Lorrain ṣe ní 1636, lè tó owó ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ti Bellange le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò pé àádọ́ta, ẹ̀dà rere kì í sì í jáde sọ́jà lemọ́lemọ́.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ ra ọ̀kan tó dára dípò márùn-ún tó ti gbó. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti gbà. Èmi náà kò gbà á nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àpótí kan wà nílé mi tó jẹ́ ẹ̀rí.

Kí ló dé tí gbogbo ènìyàn ń pariwo Callot?

Nítorí ohun tó ṣe sí irinṣẹ́. Kó tó dé, ìda rírọ̀ ni wọ́n fi ń bo bàbà. Ó máa ń já, ásíìdì á wá jẹ ibi tí a kò rán an. Ní Florence, níbi tó ti ṣiṣẹ́ fún Cosimo Kejì, aláṣẹ ìlú náà, Callot lo oje líle irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ohun èlò ìkọrin olókùn fi ń kun igi. Ìyẹn kì í ṣí. Ó lè da ásíìdì sí i, kó bo apá kan, kó tún dà á lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, kí ohun tó wà nítòsí dúdú kirimú, kí èyí tó jìn sì rí fẹ́ẹ́rẹ́.

Irinṣẹ́ kejì ni échoppe, irin tí wọ́n gé orí rẹ̀ ní dídáàgùn. Bí ẹ ṣe ń yí i lọ́wọ́ ni ilà ń wú tó ń fọn, bíi ti ẹni tó ń fi irin gbẹ́. Bosse ló kọ gbogbo èyí sílẹ̀ nínú ìwé tó ṣe ní 1645, ìwé àkọ́kọ́ tó kọ́ni níṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá fẹ́ rí ṣọ́ọ̀bù wọn, ẹ wá àwòrán ilé ìtẹ̀wé tí Bosse ṣe ní 1642: ẹnìkan ń fi íǹkì sí bàbà, èkejì ń fi ọwọ́ nu ún, ẹ̀kẹta fi gbogbo ara fa ọ̀pá ẹ̀rọ.

Pẹ̀lú irinṣẹ́ méjì yìí ni Callot fi kó ọjà Impruneta sórí bàbà kan ní 1620, ènìyàn tó ju ẹgbẹ̀rún lọ, pẹ̀lú ajá, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti àwọn tó ń ná ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe *Les Grandes Misères de la guerre*, ìyẹn àwọn ìyà ńlá ogun, ní 1633, ọdún tí ogun ọba Faransé gba Nancy, ìlú rẹ̀. Bàbà méjìdínlógún ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò fẹ̀ ju ọwọ́ ènìyàn lọ. Èyí tó lókìkí jù ni ti igi tí wọ́n so àwọn sójà olè rọ̀ sí bí èso. Èmi kì í gbé e kọ́ sí yàrá ìjẹun.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé kì í ṣe inú ìwé ni wọ́n ti gé e?

Ẹ ra dígí tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, èyí tó ń sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ẹ bá rí àmì wẹ́wẹ́ tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìgbàlódé ni. Ilà bàbà máa ń wà ní odindi, íǹkì rẹ̀ a sì máa ga díẹ̀ lórí pépà. Ẹ gbé e dá ìmọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí àpá bàbà, ìlà tó tẹ̀ wọnú pépà yí àwòrán po.

Àpá bàbà nìkan kò tó o. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Amand-Durand ní Paris ń fi fọ́tò gbé àwòrán àwọn ọ̀gá àtijọ́ sórí bàbà, ó sì ń fi ásíìdì jẹ ẹ́. Àpá wà níbẹ̀, íǹkì ga. Òun kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, ó máa ń lu òǹtẹ̀ pupa tirẹ̀ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tanni mọ bí wọ́n ṣe ń há òǹtẹ̀ kúrò. Bí ibì kan lẹ́yìn bá fẹ́lẹ́ ju ibòmíràn lọ, ẹ béèrè ìdí.

Kí ni pépà lè sọ fún mi?

Ó ń sọ ju ẹni tó ń tà á lọ. Ẹ gbé e sójú fèrèsé. Pépà ọ̀rúndún kẹtàdínlógún máa ń fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó sún mọ́ra hàn, pẹ̀lú ìlà tó jìnnà síra tó dábùú wọn: àpá àsẹ́ wáyà tí wọ́n fi gbọ́n ọn nínú omi. Pépà tí inú rẹ̀ tẹ́jú láìní ìlà kankan kò sí kó tó di àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, ilẹ̀ Faransé kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é títí di nǹkan bí 1780. Callot lórí irú pépà bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ti ayé Callot láé.

Ẹ wo àmì inú pépà náà. Lára ẹ̀dà Callot ìbẹ̀rẹ̀, àwọn olùkójọ máa ń wá lẹ́tà C méjì pẹ̀lú àgbélébùú Lorraine. Ó dára bí ẹ bá rí i, ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi lo àmì yẹn, òun nìkan kò sì lè gbé ẹ̀rí dúró. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìyẹn kò túmọ̀ sí nǹkan kan: ewé kéékèèké ni wọ́n gé láti ara pépà ńlá, ọ̀pọ̀ wọn ni àmì kò bọ́ sí.

Wọ́n ní "second state". Ipele kejì wo?

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yí nǹkan padà lórí bàbà, ì báà jẹ́ nọ́ńbà tàbí orúkọ oníṣòwò, ipele tuntun ló bẹ̀rẹ̀. Ti *Misères* ló yéni jù: ipele kìíní kò ní nọ́ńbà, kò sì ní ewì nísàlẹ̀. Ewì náà, tí wọ́n ní Michel de Marolles ló kọ ọ́, dé ní ipele kejì. Olùkójọ ni ọkùnrin yìí náà, ó burú débi pé ní 1667 ó ta nǹkan bí 123,000 àwòrán fún ọba Louis Kẹrìnlá. Bó ṣe gba owó tán ló tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ipele kì í ṣe ọjọ́ orí o. Wọ́n lè tẹ ipele kejì fún ogún ọdún láìyí nǹkan kan padà. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ nínú ipele kejì lè dára gan-an, èyí tó gbẹ̀yìn nínú ipele kan náà lè rí bí eérú. Ojú yín ló máa sọ.

Wọ́n ti gé etí rẹ̀ dé àpá bàbà. Ṣé kí n rà á?

Fún ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, bẹ́ẹ̀ ni. Inú ìwé ńlá ni àwọn olùkójọ ń lẹ̀ wọ́n mọ́, wọ́n á sì gé etí kí wọ́n lè bá ara mu. Etí tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta lórí Callot yẹ kó kọ́kọ́ dẹ́rù bà yín kó tó mú inú yín dùn. Ohun tí kò ṣeé gbà ni kí wọ́n ti gé wọnú àwòrán, tàbí kí wọ́n gé ewì sọ nù tí wọ́n á wá máa pè é ní ipele kìíní. Ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Owó tí mo fi kọ́gbọ́n yẹn dun mí.

Èkó ni mo ń gbé. Ṣé ooru àti ọ̀rinrin kò ní bà á jẹ́?

Ó lè bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó burú jù ni kí ojú ọjọ́ inú yàrá máa yí padà. Kí éásì tutù fún wákàtí mẹ́ta, kí iná lọ, kí yàrá gbóná, kí iná tún dé: pépà á máa wú, á máa sún, títí á fi wọ́. Yàrá tí kò ní éásì rárá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí sàn ju ìyẹn lọ. Nǹkan bí ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀rinrin tí pépà fẹ́. Nígbà òjò, ẹ fi àwọn àpò kékeré tó ń fa omi sínú àpótí, kí ẹ sì máa pààrọ̀ wọn.

Ẹ má gbé e kọ́ sára ògiri ìta, má sì gbé àpótí lé ilẹ̀. Ikán kò mọ Callot. Àmì rúsúrúsú pupa tó ń yọ lára pépà, ọ̀rinrin ló ń fà á. Bó bá ti yọ, ẹ má fi búlíìṣì kankan kàn án nílé.

Báwo ni kí n ṣe fi férémù sí i?

Páálí tí kò ní ásíìdì níwájú àti lẹ́yìn, dígí tó ń dí ìtànṣán oòrùn, kí dígí má sì kan àwòrán. Pépà Japan tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lókè, pẹ̀lú lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àlìkámà sè, ni ẹ ó fi so ó rọ̀. Sẹ́lótéèpù, rárá. Bí ẹni tó ń ṣe férémù fún yín bá fà á yọ, ẹ gba àwòrán yín kí ẹ máa lọ.

Ṣé mo lè rí wọn lójúkojú láìrà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní yàrá kan tí ẹ lè fi orúkọ sílẹ̀ fún ṣáájú, kí wọ́n gbé Callot tàbí Claude síwájú yín lórí tábìlì, lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Amẹ́ríkà, National Gallery of Art ní Washington àti Metropolitan Museum ní New York ní wọn púpọ̀. Ẹni tí kò lè rìnrìn àjò lè wò wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ gbogbo wọn, àti lórí Gallica tó jẹ́ ti ilé ìkàwé àpapọ̀ ilẹ̀ Faransé. Ẹ gba èyí tó mọ́ jù sílẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ gbé e lọ sọ́jà gbàǹjo, kí ẹ fi wé ohun tó wà lọ́wọ́ yín, ilà sí ilà.

Òǹtẹ̀ àti ìfọwọ́sí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń kọ́?

Ẹni tó ti ni ín rí ló fi í síbẹ̀, ẹ má pa á rẹ́. Ọkùnrin Dọ́ọ̀ṣì kan, Frits Lugt, kó àwọn òǹtẹ̀ yìí jọ ní 1921, ẹ sì lè yẹ̀ wọ́n wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni "P. Mariette" pẹ̀lú ọdún kan, bíi 1666, tí oníṣòwò kan ní Paris ń fi íǹkì kọ sẹ́yìn ohun tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ó sọ fún yín pé pépà yẹn kò lè kéré sí ọdún yẹn. Àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ láyédèrú o, èyí tó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Oníṣòwò kọ "L. 1349". Kí nìyẹn?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bó bá jẹ́ Callot, L. ni Lieure, ẹni tó to iṣẹ́ Callot sí nọ́ńbà ní àwọn ọdún 1920: 1339 dé 1356 ni *Misères*. Ṣùgbọ́n L. tún ni Lugt, ìyẹn òǹtẹ̀ ẹ̀yìn. M. lábẹ́ Callot ni Meaume, M. lábẹ́ Claude Lorrain lè jẹ́ Mannocci, àwọn náà to iṣẹ́ sí nọ́ńbà. Bí nọ́ńbà bá tẹ̀ lé orúkọ àwòrán, iṣẹ́ ni. Bó bá tẹ̀ lé orúkọ olùkójọ, òǹtẹ̀ ni.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín "Callot" àti "after Callot"?

Gbogbo owó yín ni ìyàtọ̀ náà. "After" tàbí "d'après" túmọ̀ sí pé ẹlòmíràn ló ṣe bàbà, ó kàn wo ti Callot ni. Wọ́n ṣe àwòkọ *Misères* ní Amsterdam àti ní Jámánì láìpẹ́ rárá. Àwòkọ wọ̀nyí ti tó ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé, pépà wọn jẹ́ ti àtijọ́ pátápátá, ìdánwò pépà kò ní mú wọn.

Ọ̀pọ̀ àwòkọ kọjú sódì, nítorí ẹni tó wo àwòrán tó sì yà á bẹ́ẹ̀ sórí bàbà, á yí padà nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ọwọ́ tí sójà fi di idà mú. Ṣùgbọ́n ọlọgbọ́n àwòkọ máa ń yí i kó tó yà á, nítorí náà ẹ fi ti mùsíọ́mù wé e níbi tí kò ṣe pàtàkì, bíi koríko nísàlẹ̀ tàbí ìkuukùu lókè. Ojú àti ọwọ́ ni wọ́n máa ń farabalẹ̀ ṣe. Koríko kì í jẹ́ irọ́.

Ṣé kọ́sítọ́ọ̀mù ń gba nǹkan lórí rẹ̀?

Lábẹ́ nọ́ńbà 9702 ni àwọn aṣọ́bodè ń to ojúlówó àwòrán títẹ̀ sí, èyí tó jáde láti ara bàbà tí oníṣẹ́ fi ọwọ́ ṣe láìsí fọ́tò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni owó orí ìwọlé rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ "poster" sára àpótí yín, ẹ ó san jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ ní kí ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ kọ ọ́ dáadáa. Láti Okúdù 2025, ohun tó ti ju igba ọdún lọ tó sì tó 18,000 yúrò ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí kó tó wọ ilẹ̀ Yúróòpù.

Mo rí Callot kan tó dúdú dáadáa, tó mọ́ lóló, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Ṣé orí ló bá mi ṣe é?

Ó lè jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn bàbà Callot kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Henriet ni púpọ̀ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó kú ní 1661, Silvestre, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀, jogún wọn, ó sì ń tẹ̀ wọ́n lọ. Wọ́n ń gba ọwọ́ dé ọwọ́ lẹ́yìn náà, púpọ̀ nínú wọn ṣì wà ní Musée lorrain ní Nancy dòní. Bí Claude ṣe kú tó ní 1682, Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń tẹ bàbà tirẹ̀ ní 1816.

Bàbà tó ti gbó, wọ́n lè tún un gbẹ́. Ilà tó ti kú á tún dúdú, ẹni tí kò mọ̀ á ní ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni. Ẹ gbé dígí sí ibi òjìji: ní ẹ̀dà àkọ́kọ́, àlàfo funfun tín-ín-rín máa ń wà láàárín ilà dúdú méjì. Lára bàbà tí wọ́n tún gbẹ́, àlàfo yẹn á ti dí, dúdú náà á le gbagidi bí èédú, nígbà tí òkè ọ̀nà jíjìn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Dúdú níwájú, òfìfo lẹ́yìn: bí ẹ bá rí méjèèjì lórí pépà kan, iye tí ẹ ó dá lé e ni ti ẹ̀dà àṣẹ́kẹ́yìn.